Òkúta Tó Ń Sọ Pé Kí Èèyàn Dúró

Akíntáyọ̀ kúnlẹ̀ síwájú ilé kan ní Fẹ́sítáàkì, ó ń fi òòlù onírọ́bà tẹ òkúta íńtálọ́ọ̀kì mọ́ yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń tò ó bí ẹní híhun, nígbà tí òjìji kan ṣíji bo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ọmọbìnrin adúmáadán kan ló gbé fóònù dání, ilẹ̀ ló sì ń yà ní fọ́tò.

"Àǹtí, ṣé ilẹ̀ náà rẹ́rìn-ín sí yín ni?"

"Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Bọ̀dá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú tẹlòmíì wò, mo sì tún un tò kó tó dé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ẹ̀bùnlọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Adédìran, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tí ilé rẹ̀ wà ní òpin kílóòsì náà, ìyẹn òpópónà kékeré ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kàwé ní ìlú kékeré kan ní Jàpáànù. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ó wá ń wolẹ̀ bó bá ń rìn. Ẹ̀gbẹ́ títì ìlú náà ló kún fóònù rẹ̀: ìdérí gọ́tà tí wọ́n ya ẹja sí, òkúta aláwọ̀ ìyeyè tó ní kókó róbótó-róbótó.

"Àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe eléyìí fún," Ẹ̀bùnlọlá sọ fún Akíntáyọ̀ bó ti ń fi fọ́tò òkúta náà hàn án. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á."

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ láìjẹ́ pé Ẹ̀bùn mú fọ́tò tuntun wá. Nígbà tó yá, fọ́tò tán, kò sì yé wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Akíntáyọ̀ wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ bá Bàbá pé òun fẹ́ fẹ́ Ẹ̀bùn.

Ojú Bàbá Adédìran ti ṣókùnkùn. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú sí gọ́tà, kò jáde ní géètì mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ibẹ̀ gan-an, kò lè dá lọ.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Òkúta ni mo ń tò sílẹ̀, sà."

"Ọmọ tó lọ kàwé lókè òkun, kó wá fẹ́ ẹni tó ń jókòó sínú yanrìn? Máa lọ, ọmọ mi."

Akíntáyọ̀ kò jiyàn. Ó kàn tọrọ pé kí Bàbá jẹ́ kí òun tún ọ̀nà iwájú ilé ṣe, Bàbá sì gbà. Ó lu ihò wẹ́wẹ́ sára pákó, ó fi epo pa á kó má baà lẹ̀, ó da sìmẹ́ńtì sí i. Ohun tó jáde ní kókó róbótó-róbótó bíi ti inú fọ́tò. Ó tẹ́ ẹ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá ní kí Ẹ̀bùn wá wò ó.

Ẹ̀bùn kawọ́ lérí. "Táyọ̀! Kókó ń sọ pé 'dúró, ewu ń bẹ níwájú'. Ìlà gbọọrọ ló ń sọ pé 'máa lọ'. Gbogbo ìṣísẹ̀ lo ní kí bàbá mi dúró!"

"Ṣebí bí Bàbá náà ṣe dá mi dúró nìyẹn."

Ẹ̀bùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tú u, olówó orí mi."

"Olówó orí kẹ̀? Wọn ò tíì gbà fún mi."

"Tú u ná."

Ó tú u. Ó gbẹ́ ojú pákó mìíràn ní ìlà-ìlà, ó sì tún ọ̀nà náà tẹ́. Ibi mẹ́ta péré ló fi kókó sí: ẹnu géètì, etí gọ́tà, àti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fa òun lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ra ìlà lábẹ́ bàtà. Ó dé etí gọ́tà, ó dúró. Ó tún fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ kókó náà wò.

"Ibi tí mo ṣubú sí nìyí," ló sọ. Ó fọ̀pá wá afárá pẹlẹbẹ tó wà lórí gọ́tà náà, ó kọjá, kò sì tún dúró mọ́ títí ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Akíntáyọ̀ dà?"

"Èmi nìyí, sà."

Bàbá na ọwọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin náà, tí òòlù ti sọ di líle, lọ́ra lọ́ra, bó ti ka òkúta.

"Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ," ló wí. "Orí òkúta yìí ni kí wọ́n gbà wọlé."