Olóògbé Tó Ń Hanrun

"Ẹ dúró ná, irú ikú wo gan-an ni ẹ sọ pé ó pa mí?"

Káfíńtà ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti orí ibùsùn rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n fi pákó dì síwájú, ó ń wo àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́ tí ẹjọ́ ti sú.

"Àìsàn ráńpẹ́ ni, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin dáhùn.

"Ráńpẹ́ kẹ̀? Èmi tí mo já bọ́ láti orí òrùlé tí mi ò kú, àìsàn ráńpẹ́ ló wá pa mí? Ẹ kúkú sọ pé ẹ̀fọn ló gbé mi lọ."

"Ẹ farabalẹ̀, bùọ̀dá," ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ wí. "Òkú kì í janpata."

Ìyàwó Káfíńtà tún ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ na ẹsẹ̀ àga bí ẹni pé àga ló ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, nítorí opó ni. Wọ́n kàn fi ìkìlọ̀ ṣòfò ni. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń wá láti ìgboro ni wọ́n ń retí. Ní gbogbo abúlé agbègbè náà, àwọn ló ń ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ tí kò ní, àwọn náà ló sì ń forúkọ àwọn tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Iṣẹ́ rere ni, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Òfin wọn kan ló ń dani lọ́kàn rú: ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ti kú nìkan ni wọ́n lè ràn lọ́wọ́.

Òfin yìí ló ń bí ọmọ Káfíńtà nínú. Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn. Ó ti kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

"Sà, bí bàbá ẹnì kan bá kú, tó fi oko ńlá àti ilé sílẹ̀, ẹgbẹ́ á ràn án lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí bàbá ẹlòmíràn bá wà láàyè ńkọ́, àmọ́ tí kò lè dìde, tí kò sì sí nǹkan kan nílé?"

"Wọn ò ní í ràn án lọ́wọ́."

"Ṣé ìyẹn wá bọ́gbọ́n mu, sà?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ni ọ̀gá wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Lọ jókòó."

Ó lọ jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo àga kan náà fi ẹnu sí i létí. "O kàn ń da ara rẹ láàmú ni. Bàbá tèmi ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Bàbá rẹ tí mo rí láàárọ̀ yìí?"

"Òun náà ni. Ó ní kí n kí ẹ."

Agbẹjọ́rò wo kíláàsì yíká. Àṣé ikú ti ṣọṣẹ́ tí òun ò mọ̀. Àwọn bàbá tí ọmọ wọn ti fi ẹnu sin tán ṣì ń gbé ọkọ́ lọ sóko láràárọ̀, wọ́n sì ń jà sí ààlà ilẹ̀ bí aláàyè.

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún àbúrò ìyá rẹ̀. Ọ̀nà-Mìíràn ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Bírikìlà ni, ṣùgbọ́n kò sí ògiri tó dojú kọ ọ́ rí tí kò wá ibi tí yóò gbà yí i po.

"Ọ̀nà mìíràn wà," ó ní. "Ṣé òfin ní kí bàbá kú ni? Ó ti kú nìyẹn."

Ìyá ní òun ò fọwọ́ sí i. Káfíńtà ní àbùkù ni. Wọ́n ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tó ń darí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà, Àǹtí Ẹgbẹ́ bí gbogbo ọmọ ṣe ń pè é, dé ilé-ìwé, tó ń bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá bàbá wọn wà láàyè, tó sì kan Agbẹjọ́rò láti dáhùn. Agbẹjọ́rò dìde. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Ó wolẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ti kú, mà." Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

Ohun tó mú wọn dé ọ̀sán ọjọ́ yìí nìyẹn, tí Àǹtí Ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá bá wọn kẹ́dùn.

Nígbà tó wọlé, eruku ti bò ó dé ìpéǹpéjú. Ọkọ̀ ti rì sínú yanrìn lọ́nà, awakọ̀ sì ti bá a jà nítorí rẹ̀. Ó kí wọn, ó gbé ìdì ìwé tó kó wá sílẹ̀, ó wá ṣe ohun tí ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣe nílé gbogbo kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

"Ẹ jẹ́ ká dìde, ká dákẹ́ díẹ̀ fún olóògbé."

Wọ́n dìde. Wọ́n tẹ orí ba. Ilé pa lọ́lọ́.

Ṣé Káfíńtà ti lo oògùn ara ríro láàárọ̀, oorun sì ti gbé e lọ níbi tó sá pamọ́ sí nínú yàrá. Bí ilé ṣe dákẹ́ báyìí, ìró kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ sókè, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó sì fà bọ̀ nílẹ̀. Káfíńtà ń hanrun.

Ìyá wúkọ́. Agbẹjọ́rò fi ẹsẹ̀ fa àga. Ìró náà tún le sí i.

"Kí nìyẹn?" Àǹtí Ẹgbẹ́ béèrè, kò gbé orí sókè.

"Ẹ̀rọ tí aládùúgbò fi ń lọ àgbàdo ni, mà," ni Ọ̀nà-Mìíràn wí.

"Ó fẹ́ epo."

Nígbà tí wọ́n parí, ó jókòó. Ó fi ọwọ́ pa apá àga náà, ó mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò dún wínrin.

"Ta ló kan àga yìí?"

Ìbéèrè náà bọ́ lójijì, kò sẹ́ni tó rántí láti parọ́. "Bàbá mi ni, mà," Agbẹjọ́rò wí.

"Olóògbé?"

"Olóògbé, mà."

Àǹtí Ẹgbẹ́ mí kanlẹ̀. "Nǹkan á máa súni láyé yìí. Ṣé ẹ mọ̀ pé a ti ń wá káfíńtà kiri? A fẹ́ kan àga àti tábìlì fún gbogbo ilé-ìwé abúlé wọ̀nyí. Ará ibí ni mo fẹ́, kó lè wà nítòsí láti tún wọn ṣe bí wọ́n bá bàjẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ọ̀kan wà tó mọṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá ti ní kí wọ́n mú mi lọ bá a, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ó wá yé mi báyìí. Ó ti kú."

Ẹ̀rọ aládùúgbò ti dákẹ́.

Agbẹjọ́rò mọ̀ pé bàbá òun ti jí, ó sì ń gbọ́. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ọwọ́ méjèèjì pé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wí yìí, ó lè jókòó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ jáde, ó ń wí nínú. Ẹ kàn jáde. Ilẹ̀kùn ò mì.

"Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é," Àǹtí Ẹgbẹ́ wí, ó ń dìde. "Màá gbé e fún ọ̀kan láti ìgboro. Ọ̀la ni wọ́n ń kó pákó bọ̀ nílé-ìwé yín."

Ariwo ọkọ̀ ò tíì lọ tán tí Agbẹjọ́rò fi já wọ yàrá. "Kí ló dé tí ẹ ò jáde, Bàbá?"

"Kí n jáde kí n sọ pé kí ni? Pé mo jí?" Káfíńtà yí ojú sí ògiri. "Bí mo bá jáde, ìdánwò rẹ lọ nìyẹn. Iṣẹ́ mìíràn á wá."

"Èwo ló máa wá? Láti ìgbà tí ẹ ti ṣubú, ta ló ti kanlẹ̀kùn?"

"Ìwọ lo ní mo kú. Jẹ́ kí n rí àlàáfíà kú."

"Ọ̀nà mìíràn wà," ni bírikìlà wí lẹ́nu ọ̀nà. "A lè sọ pé ìbejì ni bùọ̀dá, pé èkejì wọn ló kú."

Bàtà Káfíńtà fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó lọ ba ògiri.

"Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà," Ìyá wí. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ mi wà láàyè, mi ò lè pè é kó wá jẹun kí n má kọ́kọ́ wo fèrèsé. Gbogbo yín ti sú mi. Ẹni tó kú gan-an ò ní dààmú mi tó báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù já pákó sí iwájú ilé-ìwé. Káfíńtà ìgboro ti ń wọn igi kiri. Àǹtí Ẹgbẹ́ dúró lábẹ́ òòrùn, ó ń bá awakọ̀ ṣàròyé nípa táyà. Bí Agbẹjọ́rò ṣe kọrí sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a lápá mú.

"Níbo lò ń lọ? Ojú rẹ ò jọ ti ẹni tó fẹ́ dákẹ́."

"Bàbá mi fẹ́ ṣiṣẹ́."

"Bí bàbá tìrẹ bá jí, ṣé o rò pé wọn ò ní wá wo tiwa wò? Gbogbo wa lo máa bà jẹ́. Ìdánwò ló kù, jókòó jẹ́ẹ́."

Agbẹjọ́rò ro ó. Kì í ṣe pé kò ro ó. Bó bá dákẹ́, ó ní ìdánwò, bàbá rẹ̀ á sì máa bá a lọ láti wà nínú òkú. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù méjèèjì, nítorí pákó ti wà nílẹ̀. Ibi yòówù kó ti wo ìṣirò náà, kò pé. Ohun tó kàn mọ̀ ni pé òun ò lè tún padà sílé lọ wo ẹ̀yìn bàbá òun tó kọjú sí ògiri.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Bàbá mi ò kú."

Obìnrin náà wò ó. Ó jókòó sórí pákó. "Kò kú mọ́, àbí kò kú rí?"

"Kò kú rí, mà."

"Ẹ̀rọ àgbàdo yẹn ńkọ́?"

"Òun ni, mà."

Awakọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Àǹtí Ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́ mi. Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé tó kàn yín. Bàbá rẹ̀ kú lóòótọ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Kíláàsì kan náà lẹ wà. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyè ti kún, kó ní sùúrù. Ta ló gba àyè náà?"

Agbẹjọ́rò mọ̀ pé òun ni. Síbẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n òfin yín náà ò dára, mà. Òfin tó ní kí bàbá kú kí ọmọ tó kàwé, ó ń kọ́ni ní irọ́ ni."

"Mo mọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá mi títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ará abúlé ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo máa ń bá wọn jà nítorí yín. Kí ni kí n wá lọ sọ báyìí?" Ó nu òógùn ojú. "Láti òní lọ, ilé yòówù kí n wọ̀ láti kẹ́dùn, màá máa tẹ́tí bóyá ẹnì kan ń hanrun. Ohun tí ẹ ṣe fún mi nìyẹn."

Ó lọ bá Káfíńtà nílé lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde sí gbangba, ó kí i, ó ní kó má bínú. Wọ́n ti fún ará ìgboro ní iṣẹ́, kò ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n ará ìgboro náà gbà kí Káfíńtà máa ṣe é lábẹ́ òun. Olóògbé ló ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. "Olóògbé, na òòlù yẹn sí mi." Káfíńtà á di eyín mọ́ra, á sì nà án sí i.

Wọ́n yẹ àwọn bàbá yòókù wò lóòótọ́. Wọ́n jí tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Orúkọ Agbẹjọ́rò kúrò, tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kúrò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ìwé rẹ̀ lọ sí àga mìíràn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí owó iṣẹ́ fi máa dọ́wọ́ Káfíńtà, wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ní ti òfin, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Bóyá wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò títí di òní.

Lọ́jọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Agbẹjọ́rò ń to àga sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn tó wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ wọlé, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ tuntun, ó tóbi jù ú. Ó bi í níbi tí àwọn tó wá láti abúlé tó kàn máa jókòó sí. Agbẹjọ́rò mú un lọ síbẹ̀.

"Ìwọ ò ṣe tìrẹ?" ọmọ náà béèrè.

"Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Kí ló fà á?"

Ìbínú tó ti ń gbé kiri láti ìgbà náà ló fi dáhùn. "Bàbá mi wà láàyè."

Ọmọbìnrin náà wò ó lójú. "Inú rẹ á mà dùn o," ó ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi ṣe ìlara. Ó jókòó, ó sì to àwọn gègé rẹ̀ sórí tábìlì.

Agbẹjọ́rò dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi ní kí ẹni tí kò ní í ṣèdánwò jáde. Gbogbo àríyànjiyàn tó ti ṣe nípa òfin náà, kò sí èyí tó ṣì nínú rẹ̀. Òfin náà wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í tọ́ òfin tó wọ́. Ẹni tó bá fi ikú bàbá tó wà láàyè ṣe ẹ̀wù bora, ara ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú lóòótọ́ ló ti bọ́ ọ.