Ìforíkanlẹ̀ Muadh

"Fadilah! Fadilah o!"

Fadilah kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó rò pé mọ́sà ni ẹ̀gbọ́n òun tún ń bèèrè. "Mo ń bọ̀ jàre, Bọ̀dá Muadh! Ẹ ní sùúrù."

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Muadh, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò ju tọmọ kékeré lọ, ó sì ti sanra jọjọ. Àwọn ará àdúgbò wọn ní Mushin gbà pé àdúrà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀, nítorí náà gbogbo Jímọ̀ ni sàárà ń ya wọlé: mọ́sà, àkàrà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Alhaja Haleemah, alábàágbé wọn, a tún máa yìn ín pé, "Ẹ wo ara bó ṣe ń dán!"

Dókítà ní tirẹ̀ kò yìn ín. Ó ní kí wọ́n dín nǹkan dídùn kù, kí Fadilah sì máa mú un rìn dé Pápá Àjàó lójoojúmọ́, kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára. Ojú ń ti Fadilah pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí wọn pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń kó mọ́sà sí Muadh lẹ́nu, tí ìyá wọn bá sì ti ṣọ́ọ̀bù dé, á ní, "A ti rìn, Màámi."

Igbe náà tún dún, ó ti rẹlẹ̀. Fadilah ju fóònù sílẹ̀. Ó sáré wọ yàrá.

Muadh ń kírun Alásárì ni. Ó ti forí kanlẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ikùn rẹ̀ ń tì í láyà, èémí rẹ̀ ń han, òógùn ti rin ẹní.

"Ilẹ̀ dì mí mú," ló ń wí. "Ẹsẹ̀ mi kọ̀."

Fadilah fà á, kò mì. Yéè! Ṣé bí yóò ṣe kú nìyí? "Alhaja! Ẹ gbà mí o!"

Alhaja Haleemah já wọlé. Àwọn méjèèjì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé e jókòó ti ògiri. Ó pẹ́ kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Fadilah jókòó tì í títí ìyá wọn fi dé.

"Màámi, irọ́ ni mo ń pa. A ò rìn rí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé oṣù méjì.

Ìyá rẹ̀ kò nà án. "Ìwọ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ fún un, Fadilah," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, Fadilah àti Muadh rìn dé òpó iná kìíní. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ṣinṣin. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò tíì kúrò lára rẹ̀: bí Muadh bá ti forí kanlẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní mí títí yóò fi dìde.

Nígbà tó di Jímọ̀, Alhaja dé láìgbé àwo mọ́sà lọ́wọ́. Bàtà ìrìn ló wọ̀.

"Sàárà mi nìyí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí wọ́n bá fi sí wa lọ́wọ́, kí á má fi adùn pa á lẹ́nu mọ́. Kí á bá a rìn.