Fítámì Bíríkìlà

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Kí aláìsàn kàn wo ojú mi báyìí, mo ti mọ̀ bóyá nǹkan ń dùn ún lóòótọ́ tàbí ojú ayé ló ń ṣe!"

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ọ̀la ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bíríkìlà kan tó já bọ́ láti orí àkàbà ń pariwo. Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń di egungun bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ-ìka nìkan ló yọjú.

"Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń rẹ́ ilé, ẹ wá rẹ́ èmi náà mọ́nú!"

Dókítà Ọ̀la ṣẹ́jú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú fítámì kan. "Bàbá, oògùn tuntun rèé. Kò sí ìrora tí kì í sá fún un!"

Bàbá gbé e mì. Kò pẹ́, ariwo rọlẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"O ò rí i? Fítámì lásán! Irọ́ gbuu ni bàbá ń pa!" Ó jó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó sì tẹ̀ síwájú láti tún aṣọ ìbora ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọ-ìka bàbá. Ó tutù rinrin. Ó ti wú, ó ń dúdú.

Ijó tán.

Mátírọ́ọ̀nù wọlé. "Áà, ara bàbá ti rọ̀! Oògùn wo ni wọ́n lò?"

Ọ̀rẹ́ Dókítà Ọ̀la já a léèékánná lẹ́yìn: dákẹ́! Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú dé. Bó bá dákẹ́, mátírọ́ọ̀nù á kọjá lọ, ẹsẹ̀ bàbá á sì bá a lọ.

"Mà, fítámì ni! Mo tàn wọ́n ni! Ẹ wo ìka wọn!"

Ni wọ́n bá figbe pe dókítà. Ayùn kékeré dún gbùùrù, símẹ́ǹtì tó ti fún ẹsẹ̀ jù là, ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà ṣàn dé ìka. Díẹ̀díẹ̀, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

"Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni," mátírọ́ọ̀nù wí. "Bàbá ò parọ́, ìwọ lo parọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú aṣọ funfun tó o wọ̀ ló mú ara wọn rọ̀. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, a kì í fi tan èèyàn. Ara tó rọ̀ kò sì ní kí àìsàn má wà níbẹ̀. Òótọ́ tó o sọ ló gba ẹsẹ̀ yìí là. Ṣùgbọ́n o ò ní fọwọ́ kan oògùn mọ́ títí n óò fi ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀."

Dókítà Ọ̀la kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. N kò ní tan aláìsàn kankan mọ́ láyé mi."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fa ikun imú, dókítà ń nu ojú, mátírọ́ọ̀nù gan-an yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń retí ohun tí bàbá máa sọ.

"Ó dáa," bàbá wí. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."