Màlúù Àjọrà

Yẹ̀kínì pín ẹran náà sí ọ̀nà méjì lórí pátákó, ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. Kàsúmù bọ́ síwájú. Ó wo òkìtì ti ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó fọwọ́ kan igẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún, ó ní, "Mo mú tèyí." Ó kó o sínú bàsíà rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ tirẹ̀. Ìgbà náà ni Yẹ̀kínì tó kó èyí tó ṣẹ́ kù.

Shukurat, ọmọ Yẹ̀kínì, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí ìborí rẹ̀ bo imú. Kì í ṣe òórùn ọ̀gbà ẹran Oko Ọba ló mú un fajú ro. Ohun tó rí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nílé wọn, bí ohun àjọjẹ bá délẹ̀, àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Bàbá rẹ̀ sì ju Kàsúmù lọ dáadáa. Irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ ti funfun, ti Kàsúmù ṣì dúdú. Kí ló wá dé tí àgbà ń pín, tí ẹni tó kéré sí i ń mú?

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ọdún kejì tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà ni, Shukurat sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹrin ní iléèwé girama kan ní Agége. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ló rán gbogbo kíláàsì níṣẹ́. Ó ti ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ okòwò ni láti ṣe ọjà, tàbí láti tà á, tàbí láti ṣe ohun tí àwọn èèyàn nílò fún wọn. Ó ní ẹnì kan lè dá ni okòwò, èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jọ ni ín, àti pé àwọn kọ́ńpìnnì ńlá tí wọ́n ń rí èéfín wọn ní Ìkẹjà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ra ìpín níbẹ̀ ló ni òmíràn nínú wọn. Kí kálukú wá lọ wo okòwò kan ládùúgbò rẹ̀, kó wádìí ohun tó ń ṣe àti ẹni tó ni ín. Àwọn kan mú ilé búrẹ́dì, àwọn kan mú ilé iṣẹ́ onínáílọ́ọ̀nù. Shukurat mú iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó rò pé kò sí èyí tó rọrùn tó o.

Ó lọ bá Kàsúmù ní ìsọ̀ rẹ̀. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni iṣẹ́ yìí?"

Kàsúmù rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ ò sọ fún ẹ ni? Lọ bi wọ́n."

Ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó ń fi àáké la egungun. Ó tún ìbéèrè náà bi í.

"Tiwa ni," ni bàbá rẹ̀ wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Tiwa bíi báwo, Bàbá?"

"Tiwa bíi tiwa. Sún sẹ́yìn, kí egungun má ta sí ẹ lójú."

Ká ní Yẹ̀kínì gbé àáké sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí egungun wà níwájú rẹ̀, tí oníbàárà sì dúró tì í, kò ráyè ẹ̀kọ́ ìṣòwò.

Shukurat bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara rẹ̀ wádìí. Ó rí i pé Kàsúmù ni àwọn Hausa onímàlúù ń bọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bá sọ èdè wọn, tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín. Wọn kò ya ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó rí Felix, ẹni tó ń ra ẹran fún òtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen Avenue. Itan méjèèjì ni wọ́n máa ń yọ sílẹ̀ fún un kí wọ́n tó pín ìyókù, Kàsúmù ló sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí ń kó jọ sínú, tó ń fi ọ̀kan ti èkejì lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ ohun tó rí fún Ọlámijùlọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó. Lọ́yà ni bàbá Ọlámijùlọ, Ọ̀mọ̀lé ni wọ́n ń gbé, òun náà sì máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ẹni pé kóòtù ló wà.

"Ṣé wọ́n kọ àdéhùn kankan sílẹ̀?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ́kọ́ ń mú nínú ẹran?"

"Àlàájì ni."

Ọlámijùlọ pòṣé. "Ó ti hàn nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ni dádì ẹ, wọn ò jọ ni nǹkan kan. Ojú ló ń tì wọ́n láti sọ fún yín nílé. Má sùn o, Shuku. Ìfura loògùn àgbà."

Òótọ́ ni, oògùn àgbà ni. Bí ọmọdé bá gbé e mu, ńṣe ló máa ń gùn ún. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá béèrè ìdí tí kò fi kọ ẹni tó ni okòwò náà, Shukurat ní kò tíì dá òun lójú.

"Padà lọ bi wọ́n," ni olùkọ́ náà wí. "Jókòó ti bàbá rẹ, kí o bi í títí yóò fi yé ọ. Má fi ti inú ara rẹ kọ ọ́."

Shukurat ní ó dáa, sà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ti gba èsì tirẹ̀ gbọ́, ó sì ń dùn ún dé ọkàn pé wọ́n ń fi bàbá òun ṣe ẹrú. Nígbà tí Kàsúmù fi ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó kùn pé, "Ọ̀gá ti fún wa ní sàárà." Ìyá rẹ̀ bi í pé ọ̀gá wo, ó ní kò sí nǹkan kan, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí Sátidé dé, ó tún bá bàbá rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló wà nídìí pátákó nígbà tí Felix dé. Bàbá rẹ̀ ń fọ ìfun lẹ́yìn ọ̀gbà, Kàsúmù sì ti lọ wo màlúù ní ọjà àwọn onímàlúù.

"Àǹtí kékeré, how far? Àlàájì dà?" ni Felix béèrè. "Bá mi sọ fún wọn pé ìgbéyàwó ńlá kan ń bọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Odindi màlúù la máa gbà lọ́wọ́ wọn."

Orúkọ Kàsúmù tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ gún Shukurat nínú. Odindi màlúù, kí ó sì tún jẹ́ ti Àlàájì?

"Bàbá mi ni kí ẹ bá sọ ọ́, sà. Àwọn ló ni ẹran yìí."

"Mo ṣe bí àwọn méjèèjì ló ni ín."

"Rárá o. Àlàájì kàn ń jẹ níbẹ̀ ni."

Felix wò ó bí ẹni tí kò fẹ́ gbà á gbọ́. Níbẹ̀ ni Shukurat ti wá igi tí yóò fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. "Àlàájì ló máa ń ṣa èyí tó dáa fún ara wọn. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń há fún yín."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ojú rẹ̀ kòró ni wọ́n ṣe yọ itan méjèèjì lára màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó sì ti balẹ̀.

"Ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ kẹ̀?" Ojú Felix yí padà. "Tí ẹran bá ṣe oníbàárà wa ní nǹkan, èmi ni wọ́n máa lé lọ. Ta ni màá wá mú nínú wọn, tí mi ò mọ ẹni tó ni ọjà? Abeg, mi ò fẹ́ wàhálà."

Kò dúró gba ẹran ọjọ́ náà. Ẹnu géètì ló ti pàdé Kàsúmù tó ń bọ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Shukurat ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Kàsúmù kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó dé. Ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì, tó ti fọ ìfun dé, ló lọ tààrà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni iṣẹ́. Mo tún gbọ́ pé ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni mò ń há fún òtẹ́ẹ̀lì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ yín ló sọ ọ́ fún Felix."

Yẹ̀kínì yíjú sí ọmọ rẹ̀. Shukurat wolẹ̀. "Kàsúmù, mi ò rán an," ni bàbá náà wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rán an."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ọmọdé bá sọ níta, tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, á gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń rò ó nìyẹn."

Bí Yẹ̀kínì ṣe ń búra tó ni Kàsúmù ń fura sí i tó. Nígbà tó yá, ó kó ọ̀bẹ àti bàsíà rẹ̀, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n máa wá ẹlòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Yẹ̀kínì tó ráyè jókòó ti ọmọ rẹ̀. Kò nà án, kò sì pariwo mọ́ ọn.

"Èmi ni mo ní kí Kàsúmù máa kọ́kọ́ mú," ló wí. "Nílé, àgbà ní í mú. Nídìí òwò wa, ẹni tó mú ọ̀bẹ ló ń gbẹ̀yìn. Tí mo bá gé e kí apá kan dáa ju èkejì lọ, ara mi ni mo rẹ́ jẹ. Ohun tí kò jẹ́ ká fura síra wa láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo mọ ọ̀bẹ lò, èmi ni mo sì wá òtẹ́ẹ̀lì rí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ Hausa, àwọn onímàlúù ò mọ̀ mí rí. Kàsúmù ni wọ́n gbà gbọ́ tí wọ́n fi ń fa màlúù lé wa lọ́wọ́ láwìn. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe nínú wa. Ìdí tá a fi jọ ni ín nìyẹn."

Shukurat ń sunkún. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà tí mo béèrè?"

"Egungun ni mò ń là. Mo jẹ̀bi ìyẹn." Yẹ̀kínì wo ojú rẹ̀. "Felix ńkọ́? Ṣé ìbéèrè lo bi òun náà ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Shukurat lọ kúnlẹ̀ níwájú Kàsúmù nílé rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun pa irọ́ náà fúnra òun. Kàsúmù ní kó dìde.

"Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá mi."

Kàsúmù mi orí. "Láti àná ni mo ti ń rántí gbogbo ìgbà tí bàbá ẹ bá mi wí, tí mò ń wá ohun tó wà nídìí ẹ̀. Mi ò fẹ́ máa rò ó, ó kàn ń wá ni. Tí mo bá tún ń mú ìpín mi, ojú wọn ni màá máa wò. Àwọn náà á máa wo tèmi. A ò lè jọ ra màlúù báyẹn."

Òtẹ́ẹ̀lì rí alápatà mìíràn. Kàsúmù rí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe. Yẹ̀kínì nìkan ni kò rí onímàlúù tó máa fa màlúù lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnnu Ààwẹ̀, ó lọ ń bá alápatà kan gé ẹran ní ìlà kejì ọ̀gbà náà.

Nígbà ìsinmi, ìyá Shukurat fi oúnjẹ rán an sí i. Obìnrin kan ń yẹ itan wò lórí pátákó nígbà tó dé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ bá mi dín in kù díẹ̀."

"Èmi kọ́," ni Yẹ̀kínì dáhùn. "Ọ̀gá mi ló ni ín. Ẹ dúró dè wọ́n, wọ́n ń bọ̀."

Ọ̀gá náà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéré sí Kàsúmù pàápàá ni. Yẹ̀kínì sún sẹ́yìn fún un. Shukurat gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó yára kúrò níbẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà rí omijé lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kéèyàn fura. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura, ẹ lọ bi ẹni tọ́rọ̀ kàn, bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un bi, kí ẹ tó gbé e fún ará ìta. Òwò tí èèyàn méjì jọ ni, ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ń ni ín. Shukurat bẹ̀rù pé ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni bàbá òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ni òwò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́.