Ọmọ Kan Ṣoṣo Ló Jáde

Yudelka ka àṣírí àbúrò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì àbúrò náà, àwọn àgbàlagbà sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Doña Ercilia ló ti ṣẹlẹ̀, lórí òkè, láàárín oko kọfí. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ká kọfí tán, obìnrin náà máa ń gba àwọn tó ń kọ ìwé ọmọdé sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n lè rí ibi tó pa rọ́rọ́ kọ̀wé. Láti àárọ̀ títí di oúnjẹ ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ kan ní ilé ìdáná ni gbogbo fóònù máa ń wà. Ó sì máa ń fi àyè kan sílẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé gírámà kan láti ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ẹni tó bá mọ àròkọ kọ jù. Lọ́dún yìí, Yudelka ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún àti ẹyin díndín tán, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí kálukú ka ohun tó kọ. Yudelka ka tirẹ̀. Ìtàn odídẹrẹ́ kan ni, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà bí ìràwọ̀ òwúrọ̀, tó ń gba gbogbo ẹranko inú igbó níyànjú. Nígbà tó kà á tán, Nereyda, tí òun àti Yudelka jọ ń sùn ní yàrá kan, fọwọ́ bo ẹnu, ó yán. Obìnrin náà ti kọ ìwé ọmọdé púpọ̀, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Odídẹrẹ́ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ìbò," ló wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yudelka náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn," Doña Ercilia wí. "Àdùnjù ló fi dùn. Ọmọ dà níbẹ̀? Mi ò rí ọmọ kankan nínú ẹ̀. Lọ wá ọmọ kan tóo mọ̀ dáadáa, kóo kọ nípa ẹ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Yudelka mọ̀ dáadáa. Anyelina ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Bàbá wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sọdá òkun lọ sí erékùṣù Puerto Rico láti wá iṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan, wọn kò gbúròó rẹ̀. Zunilda, ìyá wọn, kò sọ pé ó kú, kò sì sọ pé ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, Anyelina á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á gbé fóònù bàbá rẹ̀ kan tó ti bàjẹ́ sétí, á máa bá a sọ̀rọ̀. Á sọ ohun tí olùkọ́ wí, á sọ ohun tí adìyẹ ṣe. Bó bá wá di ọjọ́ kejì nílé ìwé, á ní, "Bàbá mi pè lánàá. Bàbá mi ní kí n kí yín." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Yudelka nìkan ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún Màmá o. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan."

Yudelka sì ti ṣèlérí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí ilé dákẹ́, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju ìró ẹyẹ àti ìró bírò àwọn ẹlòmíràn, ó kọ ọ́. Kò kọ ọmọdébìnrin. Ewúrẹ́ kékeré kan ló kọ, tí bàbá rẹ̀ sọdá òkun lọ, tó ní fóònù tó ti bàjẹ́, tó máa ń sọ fún àwọn ẹran yòókù láràárọ̀ pé, "Bàbá mi ní kí n kí yín." Kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀, kò sí ìmọ̀ràn. Ó kọ ọ́ tán kí wọ́n tó pè wọ́n sí oúnjẹ.

Nígbà tó kà á lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó yán. Doña Ercilia bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ìtàn nìyí," ló wí. "Màá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún yìí, tí a máa ń pín fáwọn ilé ìwé. Ohun kan ni o: gbólóhùn yẹn, 'Bàbá mi ní kí n kí yín,' má fọwọ́ kàn án. Tóo bá yọ ọ́, ìtàn ti kú nìyẹn."

Inú Yudelka dùn dé ọ̀fun. Wọn kò yìn ín báyìí rí.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, Nereyda jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà.

"Ta ló máa ń sọ gbólóhùn yẹn nílé yín?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo kàn ronú ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Torí tó bá lólóhun, ìlú yín ò jìnnà. Ìsàlẹ̀ òkè níbí náà ni. Èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í."

"Ewúrẹ́ mà ni, mà."

"Mo ti gbọ́. Ewúrẹ́ ni."

Yudelka kọjú sí ògiri. Ó mọ̀ pé bí òun bá bi Anyelina, rárá ni yóò sọ. Nítorí náà, kò bi í. Ibi tó ti ṣìṣe nìyẹn. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, àyọrísí rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gun òkè wá gbọ́ ìtàn. Kíláàsì Anyelina ni wọ́n kó wá. Yudelka rí àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ náà sì juwọ́ sí i, ó ń fi í han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Òun náà máa kàwé." Yudelka sọ fún ara rẹ̀ pé ewúrẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Nílé Doña Ercilia, wọn kì í bi ọmọdé pé ṣé ìtàn dùn. Ọmọdé á ní ó dùn kó lè tètè rí ṣokoléètì tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìtàn mu. Ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tí ìtàn bá ti sú á dìde, á jáde lọ ṣeré, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Doña Ercilia á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka àwọn tó ń jáde. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kàwé lọ́jọ́ náà, ìdajì wọn ló jáde mọ́ ọn lójú. Nereyda pàápàá pàdánù mélòó kan.

Ó kan Yudelka. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́ náà, wọ́n sún mọ́ iwájú. Nígbà tó dé ibi "Bàbá mi ní kí n kí yín," ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wílmer gbórí sókè.

"Anyelina ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Òun ni o," ọmọ mìíràn wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n yíjú wo Anyelina. Yudelka gbọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rẹ́ ewúrẹ́ náà ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e sétí, tí kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan, ló kù. Ó lè dúró níbẹ̀. Ó lè sọ pé òun ti kà á tán. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bí gbogbo wọn ṣe la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì ń bá a lọ.

Anyelina dìde. Ó rọra ń gba àárín ẹsẹ̀ àwọn yòókù kọjá kó má baà tẹ ẹnì kankan, ó sì jáde. Yudelka ka ìwé náà dé òpin.

"Ọmọ kan ṣoṣo," Doña Ercilia wí. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, kò tíì sí ẹni tí ọmọ tó jáde mọ́ ọn lójú kéré tó báyìí rí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nereyda kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Lọ bá a," ó sọ fún Yudelka.

Anyelina wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó gbé wọn wá, ó fẹ̀yìn ti táyà.

"Ewúrẹ́ mà ni mo kọ," Yudelka wí.

"Ewúrẹ́ kì í ní fóònù."

"Mi ò dárúkọ ẹ."

"Wílmer dárúkọ mi."

Yudelka na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà wọ inú ọkọ̀ lọ jókòó.

Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nílé ìwé. Ẹnì kan á gbé rúlà sétí, á ní, "Ẹ ǹlẹ́ sà. Anyelina, bàbá ẹ ní kí n kí ẹ." Ẹlòmíràn á bi í pé ṣé ẹja ló ń gbé fóònù fún bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún lójú wọn. Nílé, kò lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Nígbà tí Zunilda gbọ́, kò pariwo.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀?" ó bi Yudelka. "Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Mo fi í sílẹ̀ torí tó bá ti bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń sùn. Ó ti wá ń lajú sílẹ̀ mọ́jú báyìí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àní kì í tún ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ gan-an."

Yudelka tún òkè gùn lọ bá Doña Ercilia.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ ìtàn mi."

"Kò sí èyí tó dáa tó o lọ́dún yìí."

"Kì í ṣe tèmi, mà. Ti àbúrò mi ni."

"Kó tó di pé a pe àwọn ọmọ yẹn ló yẹ kóo ti sọ bẹ́ẹ̀," Doña Ercilia wí, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ìwé ọdún náà jáde láìsí orúkọ Yudelka níbẹ̀. Ó sọ fún Anyelina pé òun ti gbà á padà. "Ẹ ṣé," ni ọmọ náà wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́."

Àṣírí tí ẹnìkan bá fi sí ọ lọ́wọ́ kì í di tìrẹ. Bí o pa orúkọ rẹ̀ dà, kò di tìrẹ. Bí o mọ̀ ọ́n kọ ju gbogbo ayé lọ, kò di tìrẹ. Bi olóhun, bó bá sì ní rárá, wá òmíràn kọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó bá ní òun á ṣa á jọ lẹ́yìn náà, èèpo ni yóò rí ṣà.

Nígbà tí máńgòrò so, Anyelina já bọ́ láti orí igi lẹ́yìn ilé ìwé, ó fi ọwọ́ òsì balẹ̀. Kò sọ nílé. Òun àti Yudelka jọ ń sun bẹ́ẹ̀dì kan, Yudelka sì bi í pé kí ló dé tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà tí ìyá wọn ń bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, tó rí i pé ọwọ́ náà wú, ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní egungun náà ti ń so ní wíwọ́.

"Kí ló dé tóo ò sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ?" Zunilda bi í.

"Wọ́n á fi kọ ìtàn," Anyelina dáhùn.

Wọ́n tún egungun náà fà, wọ́n sì dì í. Títí di òní, ọwọ́ òsì Anyelina kò lè nà tán, kò sì lè fi í gbé garawa omi.