Ìgbálẹ̀ Méjì ní Etíkun

"Ìwọ Pisila, má wulẹ̀ lanu sílẹ̀ bí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì. Gba ìgbálẹ̀!"

Meleana ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Pisila lóbìnrin. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Lórí iyanrìn níwájú wọn, ipa ńlá kan ti inú òkun wá títí dé ìdí àwọn igi àgbọn, bí ẹni pé katakata ló gba ibẹ̀ kọjá. Ìjàpá òkun ti gòkè wá yé ẹyin.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Pisila, ó sì ń kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń pinnu ohun tí ènìyàn lè ṣe nínú òkun Tonga. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ò ju pé kó wo etíkun yìí ní òwúrọ̀ méje, kó sì kọ ohun tó bá rí. Wọ́n fẹ́ fi ìgbì òkun ṣe iná mànàmáná, ibẹ̀ ni wáyà rẹ̀ máa gbà wọ abúlé. Ṣùgbọ́n bí ìjàpá bá ń yé síbẹ̀, wáyà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Òwúrọ̀ mẹ́fà ti kọjá, kò rí nǹkan kan. Òní ni ìkeje.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, Ọ̀gá Feleti ń bọ̀ láago mẹ́jọ."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìgbálẹ̀ méjì wá! Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi ti bàjẹ́ nínú fíríìjì tí kò níná. Ṣé ìjàpá ló máa sin mí ni?"

Ní Tonga, ta ní í já ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin níyàn? Bàbá Pisila fúnra rẹ̀, tó ga bí òpó, bó bá gbúròó Meleana, ńṣe ló ń ká kò. Kí n má parọ́, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà ì bá gbá a, àfi bí ìdí mi tó wúwo bá kọ̀ tí n ò rí ẹ̀yìn tẹ̀. Pisila gba ìgbálẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n ń gbá a lọ títí dé abẹ́ igi.

Nígbà tí Feleti, ọ̀gá Pisila ní ọ́fíìsì, sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, iyanrìn ń dán bí àwo tí ajá lá. Pisila na fọ́ọ̀mù sí i. "Kò sí" ló kọ síbẹ̀, bó ti kọ ọ́ lọ́jọ́ mẹ́fà.

Feleti fa bírò yọ. Kò tíì fọwọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Pisila, àwọn alákàn dà?"

"Alákàn kẹ̀, sà?"

"Àràárọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń ya ilẹ̀ yìí jágajàga. Òní, kò sí ti alákàn, kò sí ti ẹyẹ, kò sí tìrẹ gan-an. Ṣé o fò wá ni?"

"Atẹ́gùn ni!" Meleana ké láti abẹ́ igi tó jókòó sí.

"Atẹ́gùn yìí mà ní ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ o, Ìyá." Feleti ò rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá fọwọ́ sí i, lọ́la ni wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ níbí. Pisila, ṣé kí n fọwọ́ sí i?"

Pisila wo Meleana. Meleana tejú mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ sí i, sà. Èmi ni mo gbá a. Ẹyin ń bẹ nísàlẹ̀ igi yẹn."

"Yéè!" Meleana fò dìde. Ìgbálẹ̀ méjì tó jókòó lé ti gún un nídìí. Ó wò wọ́n nílẹ̀, ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Èmi ni mo rán an."

Feleti tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ìlà kejì wà níbẹ̀, ó gba apá òkúta dúdú lọ.

"Ká ní o kọ ohun tí o rí ni, apá òkúta yìí ni wáyà ì bá gbà. Oṣù tó ń bọ̀ là bá bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, a ní láti tún gbogbo rẹ̀ wò ká tó fi wáyà gba ibikíbi; ta ló máa gba ọjọ́ mẹ́fà tó ṣáájú gbọ́?"

"Òótọ́ ni ọjọ́ mẹ́fà yẹn, sà!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti gbá wọn mọ́ ọn."

Ó fa fọ́ọ̀mù náà ya. Wọ́n yọ Pisila níbi ìkọ́ṣẹ́, ó sì di ìgbà tí ìjàpá tún máa yé lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí ẹlòmíì tó tún etíkun náà wò. Ní gbogbo ọdún yẹn, Pisila ló ń wa ọkọ̀ lọ sí erékùṣù kejì lọ gbé yìnyín tí abẹ́rẹ́ Meleana ń sùn lé. Iná dé nígbẹ̀yìn, apá òkúta ló gbà wọlé. Lọ́jọ́ tó dé, Meleana tan gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sára ìgbálẹ̀ méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì wojú Pisila, ó ní, "Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ kì í gbá kìkì ibi tí a ní kó gbá. Òtítọ́ tí a ti sọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń gbá a mọ́ ọn ni.