Bàbá Ìyàwó Kò Sí Nínú Fọ́tò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúgbémiga jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, ó ń mu ògì, ẹ̀rọ AI ń bá a ṣiṣẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀ kan, Wúrà, tó yà l'Óǹdó ní Sátidé ló kó fún un. Ẹ̀rọ náà ń ṣa èyí tó dára, ó ń da ìyókù nù: èyí tó ṣókùnkùn, èyí tó mì, èyí tí ènìyàn ti dijú. Iṣẹ́ tí ì bá gbà á lọ́jọ́ púpọ̀, ògì ò tíì tutù tó fi parí.

Sherifat ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

"O ò ní yẹ èyí tó dà nù wò?"

"Kí ni mo ń wá nínú ààtàn? Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju èmi àti ìwọ lọ."

"Ó gbọ́n lóòótọ́. Ṣé ó bá ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ó fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó da ààtàn kọ̀ǹpútà nù, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́, ó sì fi káàdì náà ya ìgbéyàwó mìíràn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ìgbéyàwó mìíràn yẹn, ni Wúrà pè.

"Bùrọ̀dá Gbémiga, Bàbá mi ti kú. Wọ́n sùn lóko ní Bọ́lọ́rundúró, wọn ò jí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò tí wọ́n ti ń fọwọ́ wò mí lójú yẹn, òun la fẹ́ gbé síwájú pósí. A ò ní òmíràn. Látìgbà tí ojú wọn ti fọ́ ni wọn kì í ti í gbà kí wọ́n ya àwọn. Tèmi ni wọ́n rò lọ́jọ́ yẹn."

Olúgbémiga gbé fóònù sílẹ̀. Ó rántí dáadáa. Kí Bàbá Akínlolú, bàbá Wúrà, tó fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́, ó ní kó dúró ná. Ìpéǹpéjú bàbá náà lẹ̀ pọ̀. Ó fi ìka tọ iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó tọ imú, ó tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó lè mọ bó ṣe lẹ́wà tó lọ́jọ́ náà.

Ó tú kọ̀ǹpútà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò sí Bàbá. Ojú dídì ni ẹ̀rọ rí, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ̀gbẹ́ ojú Bàbá kan ṣoṣo ló yọ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn àlejò nínú fọ́tò kan.

"Ká ní o ò tíì ya nǹkan mìíràn sórí káàdì yẹn," Sherifat ní, "àwọn tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà ì bá rí díẹ̀ yọ padà. Ó ti bọ́. Pe ọmọ olọ́mọ, kó o sọ òótọ́ fún un."

Kò pè. Ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn ló fi bọ́ ẹ̀rọ, ó ní kó ṣe Bàbá jáde. Fọ́tò náà dán gbinrin. Bàbá lajú, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Olúgbémiga tan ara rẹ̀: ta ni ò ní fẹ́ kí bàbá òun ríran?

L'Óǹdó, Wúrà gba fọ́tò náà, ó wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Bàbá yín ni."

"Àpá àdá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dà? Ojú tó ń wò mí yìí, ta ló ni ín? Kí wọ́n tó bí mi ni ojú Bàbá ti fọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ mí. Wọ́n wá kú tán, ẹ wá ń fún wọn lójú?"

"Ẹ máà bínú. Ẹ̀rọ ló..."

"Ẹ̀yin ni mo pè síbi ìgbéyàwó mi. N ò pe ẹ̀rọ."

Àwọn ẹbí ní kí Olúgbémiga dìde kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, fìlà Bàbá ni wọ́n gbé sórí àga níwájú pósí. Kí Olúgbémiga tó padà dé Àkúrẹ́, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó fẹ́ gbéyàwó sì ti ń wá ayafọ́tò mìíràn lọ.

Ẹ̀yin ayafọ́tò, n ò ní kẹ́ ẹ má lo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó ṣà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín yẹ ohun tó dà nù wò. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí káàdì títí àwọn tó gbéyàwó yóò fi gba fọ́tò wọn. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi irọ́ dí ojú ihò. Ẹ̀yin tó ń ṣègbéyàwó, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ fún wọn: ta ni yóò ṣa fọ́tò wa, ènìyàn ni àbí ẹ̀rọ?

Káàdì tuntun wà l'Ọjà Ọba, ẹ lè rà á lónìí. Bàbá Wúrà kò sí níbẹ̀.